Rodolphe Töpffer, Olùkọ́ tí Ó Fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Kọ Ìwé Aláwòrán

Bí olùkọ́ bá wọ inú kíláàsì lójijì, tí ó sì rí ọmọ kan tí ó ń yára ti ìwé bọ abẹ́ tábìlì, kì í ṣòro fún un láti mọ irú ìwé tí ó jẹ́. Ìwé ìtàn aláwòrán ni, irú èyí tí àwòrán ń tẹ̀ lé àwòrán, tí ọ̀rọ̀ díẹ̀ sì wà lábẹ́ wọn tàbí lẹ́bàá ẹnu àwọn ènìyàn inú rẹ̀. Olùkọ́ a gba ìwé náà, a sì bá ọmọ wí. Ohun tí àwọn méjèèjì kì í sábà mọ̀ ni pé olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni ẹni tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí bàbá irú ìwé bẹ́ẹ̀, àti pé lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ gan-an ni ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Kì í ṣe pé ó ya àwòrán nìkan. Òun ni ó ro ìtàn, òun ni ó kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, òun ni ó fa ìlà tí ó pín àwòrán kan sí èkejì, òun náà ni ó sì kọ́ ọgbọ́n tí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ fi dé ojú ìwé títẹ̀ láìjẹ́ pé ẹlòmíràn bá a tún un kọ. Rodolphe Töpffer ni orúkọ rẹ̀.

Ìlú Geneva ni a bí i sí, ní ọjọ́ 31 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1799. Ilẹ̀ Swítsàlandì ni Geneva wà lónìí, ṣùgbọ́n nígbà tí a bí ọmọ yìí, abẹ́ àwọn Faransé ni ìlú náà wà, nítorí pé wọ́n ti gbà á ní ọdún tí ó ṣáájú. Ó di ọdún 1815 kí Geneva tó dara pọ̀ mọ́ àwọn ìpínlẹ̀ Swítsàlandì yòókù. Láti ilẹ̀ Jámánì ni ìdílé Töpffer ti ṣí wá, iṣẹ́ aṣọ rírán ni bàbá-bàbá rẹ̀ sì ń ṣe. Wolfgang-Adam, bàbá rẹ̀, kò di abẹ́rẹ́ mú ní tirẹ̀, ayàwòrán ni. Ó máa ń ya oko, ọjà, àti ìgbéyàwó àwọn ará abúlé, ẹnu rẹ̀ sì gbòòrò láàárín àwọn ayàwòrán Geneva. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, a máa ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ nípa àwọn ènìyàn pàtàkì ìlú, kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè rí ohun rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà sì ti wí pé ẹni bíni là á jọ.

Nínú àwọn ohun tí ó wọ ọmọ náà lọ́kàn ni àwọn àwòrán William Hogarth, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó kú ní ọdún 1764. Hogarth kì í fi àwòrán kan ṣoṣo sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní àwòrán méjìlá kan tí ó fi sọ ìtàn àwọn ọmọṣẹ́ méjì: ọ̀kan tẹpá mọ́ṣẹ́, èkejì ya ọ̀lẹ, èyí èkíní di olórí ìlú, èyí èkejì kú sí orí igi ìyẹ́gi. Ẹni tí kò mọ ìwé kà lè wo àwòrán méjèèjìlá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó sì mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Rodolphe kò gbàgbé èyí.

Ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ láti kékeré ni pé kí òun di ayàwòrán bí bàbá òun. A fi í sí ilé-ẹ̀kọ́, ó sì kàwé dáadáa, ṣùgbọ́n ìdí ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì ni ọkàn rẹ̀ wà. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó pé ọmọ ogún ọdún, àrùn mú un lójú. Kò fọ́ lójú o, ṣùgbọ́n ojú náà kò lágbára tó èyí tí ènìyàn lè fi tẹjú mọ́ àwọ̀ àti òjìji láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ń ṣe kò gba ojú tí ó ń ṣàìsàn. Ní ọdún 1819 ó lọ sí Paris. Ó lọ láti kàwé, ó sì lọ láti bá àwọn dókítà rí sí ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ó padà wá sí Geneva, ó kọ́ ẹ̀kọ́ púpọ̀ bọ̀, ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ pé ọ̀nà iṣẹ́ bàbá òun ti dí. Fún ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò fẹ́ ohun mìíràn, ìbànújẹ́ ńlá ni èyí jẹ́. Síbẹ̀, bí ojú rẹ̀ bá dá ṣáṣá ni, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ń ya òkè àti adágún omi, irú wọn kò sì wọ́n ní ilẹ̀ náà.

Ohun kan ṣẹ́ kù fún un, èyíinì ni ìlà. Ẹni tí kò lè fi ọ̀dà kun aṣọ títẹ́ fún wákàtí mẹ́fà lè fi gègé àti tàdáwà ya ojú ènìyàn ní ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ó sì gbé gègé sílẹ̀ kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta á.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni ó wá bọ́ sí. Ó kọ́kọ́ jẹ́ igbákejì olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ pásítọ̀ kan. Ní ọdún 1823 ó fẹ́ Anne-Françoise Moulinié ní ìyàwó, kò sì pẹ́ tí òun àti ìyàwó rẹ̀ fi dá ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn sílẹ̀ ní Geneva, níbi tí àwọn ọmọkùnrin, tí púpọ̀ nínú wọn ti ilẹ̀ òkèèrè wá, ti ń gbé tí wọ́n sì ń kẹ́kọ̀ọ́. Bí àkókò ìsinmi bá dé, Töpffer a kó àwọn ọmọ náà jáde, àpò lẹ́yìn, ọ̀pá lọ́wọ́, wọn a sì fi ẹsẹ̀ rìn la àárín àwọn òkè Alps kọjá. Ìyàwó rẹ̀ a máa bá wọn lọ. Bí wọ́n bá padà dé, olùkọ́ a kọ ìtàn ìrìn-àjò náà sílẹ̀, a sì ya àwòrán sí i: ọmọ tí ó ṣubú sínú odò, ilé èrò tí oúnjẹ ti tán, òjò tí ó pa gbogbo wọn.

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí iṣẹ́ kíláàsì bá ti parí, a máa jókòó ti fìtílà, a sì máa yàwòrán; àwọn ọmọ a rọ̀gbà yí i ká láti wo ohun tí yóò ti inú gègé jáde. Báyìí ni ó ṣe ya ìtàn Ọ̀gbẹ́ni Vieux Bois ní ọdún 1827. Ọkùnrin àgbà kan ni Vieux Bois, tí ìfẹ́ obìnrin kan kó sí lórí, tí ó sì ń lé obìnrin náà kiri láti ìlú dé ìlú, tí gbogbo ohun tí ó bá dáwọ́ lé sì ń bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìtàn Dókítà Festus ní ọdún 1829, ọ̀mọ̀wé tí ó gun ìbaaka jáde láti lọ wá ìmọ̀ kún ìmọ̀, tí kò sì rí nǹkankan kọ́. Ní ọdún 1830 ó ya ti Cryptogame, ẹni tí ń kó labalábá jọ, tí ó sá fún obìnrin tí ó fẹ́ fẹ́ ẹ títí ẹja àbùùbùtán fi gbé òun mì. Ní ọdún 1831 ni ti Jabot.

Inú ìwé àjákọ ni gbogbo wọn wà. Töpffer kò jẹ́ gbé wọn lọ sí ibi ìtẹ̀wé, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro láti mọ̀. Ìlú onísìn tí ó le ni Geneva. Olùkọ́ tí àwọn òbí fa ọmọ wọn lé lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ó ní àpọ́nlé, àwòrán ẹ̀fẹ̀ kò sì jẹ́ iṣẹ́ àgbà lójú àwọn ènìyàn ìgbà náà. Ní ọdún 1832 pàápàá, a sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ àti ìwé kíkọ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Geneva. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n bá tẹ ìwé tí ó kún fún àwòrán ẹni tí ń ṣubú láti ojú fèrèsé, kí ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò wí? Nítorí náà, ọwọ́ àwọn ọ̀rẹ́ nìkan ni àwọn ìwé náà ń kọjá.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ wọ̀nyí ni ó tú àṣírí náà sí ibi tí ó dára. Frédéric Soret, ọmọ Geneva kan tí ó ń kọ́ ọmọ ọba ní Weimar ní ilẹ̀ Jámánì, kó díẹ̀ nínú àwọn ìwé àjákọ náà lọ fi han Goethe, akéwì tí òkìkí rẹ̀ kàn ju ti gbogbo òǹkọ̀wé ilẹ̀ náà lọ. Ìgbà òtútù láàárín ọdún 1830 àti 1831 ni èyí. Goethe ti di ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Bàbá arúgbó náà rẹ́rìn-ín, ó yìn ín, kò sì wò ju ojú ewé díẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan, nítorí ó ní bí òun bá wò ó tán ní ìjókòó kan, ọ̀pọ̀lọpọ̀ èrò inú rẹ̀ yóò ju èyí tí òun lè gbé dà. Lójú rẹ̀, bí ayàwòrán yìí bá mú ọ̀rọ̀ tí ó nípọn ju èyí lọ, ohun tí yóò ṣe yóò kọjá àfẹnusọ. Goethe kú ní oṣù kẹta ọdún 1832, ṣùgbọ́n ìyìn rẹ̀ ti dé Geneva. Ẹni tí irú àgbà bẹ́ẹ̀ bá yìn kò ní fi ojú tijú mọ́. Töpffer pinnu láti tẹ ìwé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá kù sí bí yóò ti tẹ̀ ẹ́. Ó yẹ kí òǹkàwé fara balẹ̀ níhìn-ín, nítorí ibí ni gbogbo iṣẹ́ náà dá lé.

Ní ìgbà náà, bí ènìyàn bá fẹ́ tẹ àwòrán, ó lè gbẹ́ ẹ sí ara igi, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ya àwòrán kì í sábà jẹ́ ẹni tí ó mọ igi gbẹ́; agbẹ́gi ni yóò fi ọ̀bẹ tọ ojú ìlà, ọwọ́ agbẹ́gi ni yóò sì hàn. Ó lè fín in sí ara bàbà, èyí sì gba owó àti ọdún púpọ̀ láti kọ́. Ní ti ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán, atẹ̀wé lè fi àwọn lẹ́tà olójé rẹ̀ tò ó. Lẹ́tà wọ̀nyí mọ́, wọ́n tọ́, wọ́n sì dọ́gba. Àbùkù wọn kan ṣoṣo ni pé wọn kò bá àwòrán tan. Àwòrán ń ṣeré, lẹ́tà dúró gbọn-in bí ọlọ́pàá.

Ọ̀nà kẹta ni ti òkúta. Alois Senefelder ni ó rí i ní ilẹ̀ Jámánì ní nǹkan bí ọdún 1796. Òǹkọ̀wé eré ni ọkùnrin náà, kò sì ní owó tí yóò fi tẹ àwọn eré rẹ̀, ni ó bá ń wá ọgbọ́n tí yóò fi máa tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Ohun tí ó rí kò ju èyí lọ: ọ̀rá àti omi kì í rẹ́. Bí a bá fi tàdáwà ọlọ́ràá kọ nǹkan sí ara irú òkúta kan tí ó jọ ẹfun líle, tí a sì da omi sí i, omi yóò dúró sí ibi tí a kò kọ nǹkan sí, yóò sì sá fún ibi tí a kọ. Bí a bá wá yí tàdáwà ìtẹ̀wé lé e, ibi tí omi wà kò ní gbà á, kìkì ibi tí ọ̀rá wà ni yóò gbà á. Àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ wa kò ní jiyàn èyí, nítorí àwọn náà mọ bí ẹ̀kọ ti ń dá aró dúró lójú aṣọ.

Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà lára òkúta, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà lára bàbà àti igi. Ohun tí a bá kọ tààrà sí ara òkúta, òdì ni yóò jáde lójú ìwé. Nítorí náà, ẹni tí yóò kọ ọ̀rọ̀ sí i gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ti ń kọ lẹ́tà sẹ́yìn, láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì, kí ojú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sì yí padà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá rò pé èyí rọrùn gbìyànjú láti kọ orúkọ ara rẹ̀ ní ọ̀nà tí yóò fi ṣeé kà nínú dígí. Bí ó bá tilẹ̀ kọ ọ́ tọ̀nà, kì í ṣe ọwọ́ ìkọ̀wé tirẹ̀ ni yóò rí. Lẹ́tà náà yóò máa wárìrì bí ti ọmọdé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di gègé mú. Ní ibi iṣẹ́ àwọn olókùúta, àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn kò ju lẹ́tà òdì kíkọ lọ.

Ọgbọ́n tí Töpffer lò ni pé kò kọ ọ̀rọ̀ sí ara òkúta rárá. Ìwé kan wà tí a fi nǹkan bí àtè tàbí sítáàṣì ra ojú rẹ̀. Lórí ìwé yìí ni ó ti fi tàdáwà ọlọ́ràá yàwòrán, tí ó sì kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, láti òsì sí ọ̀tún gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́. Atẹ̀wé yóò fi omi tutù rin ìwé náà, yóò dojú rẹ̀ dé òkúta, yóò sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gidigidi. Tàdáwà yóò fi ìwé sílẹ̀, yóò sì lẹ̀ mọ́ òkúta ní òdì. Nígbà tí a bá wá tẹ òkúta náà sí ojú ìwé funfun, òdì yóò tún yí padà, yóò sì di títọ́. Ìyípadà kejì pa ìyípadà èkíní rẹ́. Èyí ni àwọn Faransé ń pè ní autographie, èyíinì ni pé ọwọ́ òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Tàdáwà ọlọ́ràá a máa ki, a sì máa dí ẹnu gègé. Ìlà tí ó tín-ín-rín jù kì í dé orí òkúta, bí ìlà méjì bá sì súnmọ́ ara wọn jù, wọn a di ọ̀kan. Òógùn ọwọ́ lásán ní ọ̀rá nínú. Bí ìka bá kan ojú ìwé, ìka náà lè hàn nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́. Èyí tí ó wá burú jù ni àṣìṣe. Ẹni tí ó bá ṣi lẹ́tà kan kọ kò lè fi rọ́bà pa á, bí ó bá sì fi ọ̀bẹ ha á, ohun tí a rà sí ojú ìwé yóò bá a ṣí. Nítorí náà, kí ènìyàn tó fi gègé kan irú ìwé yìí, ó ti gbọ́dọ̀ mọ ohun tí yóò kọ, ó ti gbọ́dọ̀ mọ iye ọ̀rọ̀ tí yóò gba àyè, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ṣiyèméjì. Àwọn ìtàn tí Töpffer ti yà sínú ìwé àjákọ láti ọdún 1827 ni ó wá ń tún yà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìtẹ̀wé. Àtúnyà náà kì í ṣe àdàkọ. Ó ń fi nǹkan kún un, ó sì ń yọ nǹkan kúrò.

Bí ìwé náà ti rí nìyí. Ó gùn ní ìbú ju òòró lọ. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan ní àwòrán kan, tàbí méjì, tàbí mẹ́ta, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí a tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Abẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wà, ní lẹ́tà alásopọ̀ kéékèèké. Kò fi rúlà fa ìlà tí ó yí wọn ká. Gègé kan náà ni ó fi fà á, ó sì ń wọ́ díẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bí ìtàn bá ń sáré, àwọn àwòrán a di tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ abẹ́ wọn a sì kúrú. Bí ìtàn bá fara balẹ̀, àwòrán a fẹ̀, ọ̀rọ̀ a sì gùn. Nítorí pé ọwọ́ kan náà ni ó ya imú Jabot tí ó sì kọ orúkọ Jabot, ojú òǹkàwé a máa ti inú ọ̀rọ̀ bọ́ sí inú àwòrán láìkọsẹ̀. Atẹ̀wé tí ó ní lẹ́tà olójé dídán jùlọ ní gbogbo Yúróòpù kò lè ṣe èyí.

Ìtàn Jabot ni ó kọ́kọ́ tẹ̀, ní ọdún 1833. Àní nígbà náà, ìbẹ̀rù kò tí ì kúrò ní ọkàn rẹ̀ tán. Ó di ọdún 1835 kí ó tó jẹ́ kí ìwé náà jáde sí gbangba. Jabot jẹ́ ọkùnrin kan tí ó fẹ́ kí a máa ka òun mọ́ àwọn ènìyàn ńlá, tí ó sì ń wo bí wọ́n ti ń dúró, bí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, kí òun náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Níbi ijó, ó ń ṣubú. Nínú ilé èrò, ó ń kó sí wàhálà. Lẹ́yìn àjálù kọ̀ọ̀kan, gbólóhùn kékeré kan náà ni a ń rí lábẹ́ àwòrán, tí ó ń sọ fún wa pé Jabot ti tún ara rẹ̀ tò bí ó ti yẹ. Ọ̀rọ̀ náà kò fi ara hàn pé ẹ̀fẹ̀ ni òun. Ojú rẹ̀ le koko. Àwòrán òkè rẹ̀ ni ó ń tú u ní àṣírí. Bí a bá ka ọ̀rọ̀ nìkan, a ó rò pé ọlọ́lá ni Jabot. Bí a bá wo àwòrán nìkan, a kò ní mọ ohun tí ó ń rò nípa ara rẹ̀. Töpffer fúnra rẹ̀ ṣe àlàyé yìí nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ kan ní Geneva ní ọdún 1837, ó sì kọ ọ́ bí ẹni pé iṣẹ́ ẹlòmíràn ni ó ń sọ̀rọ̀ lé lórí: láìsí ọ̀rọ̀, àwòrán yóò ṣókùnkùn, láìsí àwòrán, ọ̀rọ̀ kò ní ìtumọ̀, méjèèjì pọ̀ ni ó di ìtàn kan, irú èyí tí a kò rí tẹ́lẹ̀.

Ní ọdún 1837 kan náà, Vieux Bois àti Crépin jáde. Crépin yẹ fún àfiyèsí gbogbo ẹni tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́. Bàbá ọlọ́mọ mọ́kànlá ni, ó ń wá olùkọ́ fún wọn, olùkọ́ kọ̀ọ̀kan tí ó bá gbà sì ń mú ètò tuntun tirẹ̀ wá, èyí tí ó burú ju ti ẹni ìṣáájú lọ; ọ̀kan tilẹ̀ wà tí ó ní òun lè fi ọwọ́ tẹ orí ọmọ kí òun sì mọ ohun tí yóò dà. Ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ olùkọ́ rí kò lè kọ irú ìwé yìí. Festus àti Pencil tẹ̀ lé wọn ní ọdún 1840.

Bí ohun kan bá dùn, eṣinṣin a mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ní ọdún 1839, ilé ìtẹ̀wé Aubert ní Paris mú ìwé Jabot, Crépin àti Vieux Bois, wọ́n ní kí ẹlòmíràn dà á kọ, wọ́n sì ń tà á láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Kò sí òfin tí gbogbo orílẹ̀-èdè jọ fọwọ́ sí nígbà náà tí ó lè dá wọn dúró. Ọdún 1886, ogójì ọdún lẹ́yìn ikú Töpffer, ni a tó ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀, ìlú Berne ní ilẹ̀ Swítsàlandì kan náà ni a sì ti ṣe é. Ohun tí Töpffer lè ṣe kò ju pé kí ó padà sí ìdí gègé: ó tún Vieux Bois yà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì gbé ẹ̀dà kejì jáde ní ọdún 1839 náà. Ẹni tí ó bá fi tirẹ̀ àti ti Paris wé ara wọn yóò rí ìyàtọ̀. Adàkọ ń tọ ojú ìlà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nítorí pé ó bẹ̀rù kí ó má ṣìnà, ìlà tí ó bá sì ń bẹ̀rù kì í pani lẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, àdàkọ Paris yìí ni ó bí èyí tí a tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1841, tí wọ́n ti sọ Vieux Bois di Obadiah Oldbuck. Ti Lọ́ńdọ̀nù ni ó sì bí èyí tí ó jáde ní New York ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1842, tí púpọ̀ nínú àwọn onímọ̀ kà sí ìwé ìtàn aláwòrán àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọkùnrin tí kò fẹ́ kí àwọn ará ìlú rẹ̀ rí ìwé òun ti di ẹni tí a ń kà ní òdì kejì òkun, láìjẹ́ pé ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dé ibẹ̀.

Ní ọdún 1842 ó fi ìwé kékeré kan ṣàfihàn ọgbọ́n ìtẹ̀wé tí ó ń lò, kí ẹlòmíràn lè mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 1844 ìwé ìrìn-àjò òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jáde ní Paris, ó sì gba iyì. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò le mọ́. Àìsàn inú ti wọlé dé bá àìsàn ojú. Ó ń lọ sí Vichy ní ilẹ̀ Faransé láti mu omi ibẹ̀, èyí tí àwọn dókítà gbà pé ó ń woni sàn, kò sì ràn án lọ́wọ́ púpọ̀. Nígbà tí ìwé ìròyìn L'Illustration ti Paris fẹ́ tẹ ìtàn Cryptogame ní ọdún 1845, orí igi ni a ó gbẹ́ àwọn àwòrán náà sí, Töpffer sì gbà kí ọ̀dọ́ ayàwòrán kan tí a ń pè ní Cham bá òun tún wọn yà fún àwọn agbẹ́gi. Iṣẹ́ náà dára, ó sì dé ọwọ́ òǹkàwé púpọ̀ ju ti ìgbàkigbà rí lọ. Ṣùgbọ́n ìlà tí ń wárìrì nì kò sí nínú rẹ̀.

Bóyá nítorí èyí ni ó ṣe tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìwé méjì ní ọdún 1845 kan náà. Ọ̀kan ni ìtàn Albert, níbi tí ó ti fi àwọn olóṣèlú tí ó ń da Geneva rú ṣe ẹlẹ́yà. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ korò ju ti àwọn ìṣáájú lọ, ẹ̀rín rẹ̀ kò sì mọ́ tó tiwọn. Èkejì kì í ṣe ìtàn. Ìwé ẹ̀kọ́ ni, lórí bí a ti ń fi ìlà ya ojú ènìyàn. Láti ojú ewé èkíní dé ìgbẹ̀yìn, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ ni a fi kọ ọ́, àwọn orí ènìyàn kéékèèké sì ń yọjú láàárín ọ̀rọ̀. Ó kọ́ni níbẹ̀ pé kò sí bí ènìyàn ti lè ya ojú lọ́nà àìmọ̀ọ́ṣe tó, ojú náà yóò ní ìwà kan lára. Pé kí ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí kàn ya orí kan, kí ó tún yà á, kí ó máa yí imú tàbí àgbọ̀n padà díẹ̀díẹ̀, kí ó sì máa wo irú ẹni tí ń jáde. Ó ní ẹni tí kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwòrán rí lè ṣe é. Kò sì gbàgbé láti sọ pé ìtàn aláwòrán ní agbára ńlá lórí àwọn ọmọdé àti àwọn mẹ̀kúnnù, àti pé kò yẹ kí àwọn ọ̀mọ̀wé fi í sílẹ̀ fún àwọn oníwàkiwà.

Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ọdún 1846 ni Rodolphe Töpffer kú ní Geneva. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni. Ìtàn aláwòrán méje ni ó ti gbé jáde. Bàbá rẹ̀, ayàwòrán àgbà tí ó ti fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà èwe, ṣì wà láàyè nígbà tí a gbé e lọ sin. Ẹni ọgọ́rin ọdún ni bàbá náà, ó sì tún lo ọdún kan àti oṣù díẹ̀ kí òun náà tó kú ní ọdún 1847.